Bíréèkì Kò Sí Lójú Omi

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Ẹnu mi ló kó bá mi. A wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa tí à ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ dé orí Godspower, dírẹ́bà tó ń fi bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ kó ẹja wa láti Igbókòdá lọ sí Ọ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ẹja ṣawá wa sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó lọ jókòó ti ẹlẹ́mu ní Òkìtìpupa títí ọjà fi tú. Kálukú ń pariwo, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a máa ṣe. Ni mo bá dìde, mo ní èmi ni màá wa bọ́ọ̀sì náà.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá Ọmọlará, alága wa, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àrìnpé, ṣé o mọ mọ́tò wà?" Mo ní mo ti ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kí n tó yọmú. Ó ní ìyẹn kọ́ ni òun bi mí.

Ó wá là á kalẹ̀. Godspower ti ní kí a fa kọ́kọ́rọ́ lé òun lọ́wọ́ títí ọdún yóò fi parí, láìsí ìyọnu ẹnikẹ́ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á wá iṣẹ́ mìíràn. A ó dá a lóhùn ní ìpàdé ìparí Oṣù Kẹfà. Bí mo bá ti yege ìdánwò ìwé àwọn awakọ̀ ní Òkìtìpupa kó tó di ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ di tèmi. Kọ́lájọ, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, á máa jókòó tì mí títí èmi náà á fi gba tèmi. Bí n kò bá yege, kí n pa ẹnu mi dé, kí Godspower máa wà á lọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, lójú gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 14

Mo sọ fún Bàbá Promise. Òkèlè púpurú ti dé ẹnu rẹ̀, ó dá a padà sínú àwo. "Mọ́tò? Ní Zion Pepe níbí?" Mo ní Igbókòdá ni mọ́tò wà, kì í ṣe inú omi abẹ́ ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí egungun ẹja fi há a lọ́fun. Mo jẹ́ kó há a díẹ̀ ná kí n tó fún un lómi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Tíṣà Tabitha, tó ń kọ́ Promise ọmọ mi ní ìṣirò, ti gbà láti máa kọ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ní mọ́tò kékeré kan tó ń gbé sí Igbókòdá, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń rí i. Ó gbé ìwé òfin ojú pópó wá, ó sì fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kán sí i. Orí rẹ̀ pé.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn àmì. Ọ̀kan wà tó ní màlúù nínú. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹran. Ó ní rárá, ó túmọ̀ sí pé màlúù lè ré ọ̀nà kọjá. Mo ní kí màlúù náà kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì Promise, ẹ ṣáà kọ ọ́ sórí."

Ti iná ló le. Lójú títì, pupa ni kí o dúró, àwọ̀ ewé ni kí o máa lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, pupa wà ní apá òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé wà ní apá ọ̀tún, bí o bá sì rí méjèèjì pọ̀ nínú òkùnkùn, ọkọ̀ ń bọ̀ wá bá ọ ní tààrà, tètè yà. Mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Báyìí wọ́n ní kí n dúró kí n máa wo iná.

Ọjọ́rú, 21

Òjò. Ẹja pọ̀, igi tútù, èéfín bò mí. Mi ò ka ohunkóhun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Mo jókòó sídìí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Igbókòdá, Kọ́lájọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tíṣà ló ní kí n gbìyànjú rẹ̀, ó ní ìwé á tètè yé mi bí ọwọ́ mi bá ti kan nǹkan. Kọ́lájọ ní kí n yà sí ọ̀tún. Mo yí i sí òsì. Lójú omi, bí mo bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, apá òsì ni mò ń ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sí, imú ọkọ̀ á sì kọjú sí ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó máa ń rò ó mọ́, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. A lọ gbé imú bọ́ọ̀sì wọ inú iyanrìn ẹni tó ń kọ́lé.

Godspower wà lábẹ́ igi níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ síhìn-ín.

Ẹni tó ni iyanrìn kò bínú. Ó ní kí n kàn bá òun kó o jọ padà. Mo kó o.

Ọjọ́bọ̀, 29

Tíṣà dán mi wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Òkìtìpupa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù kí n yege. Ìbéèrè náà rèé: mọ́tò méjì pàdé lórí òkè tí ọ̀nà rẹ̀ há, ọ̀kan ń gùn lọ, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ta ni kó dúró fún èkejì?

Mo ní kí ẹni tó ń gùn dúró.

"Ẹ ò gbà á, Mọ́mì Promise. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa dúró."

"Báwo ló ṣe fẹ́ dúró? Ṣebí omi ló ń gbé e bọ̀!"

"Omi wo, mà?"

Mo ṣàlàyé fún un. Nígbà tí omi bá ń fà lọ sókun, tí ọkọ̀ méjì sì pàdé nínú odò tóóró, ẹni tí omi ń gbé ló lọ̀nà, nítorí kò lè dá ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń bá omi jà ló lè rọra tẹ́ńjìnnì, kó dúró sójú kan, kó jẹ́ kí èkejì kọjá. Nígbà tí mo ṣi èyí ṣe ní kékeré, àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ ni bàbá mi fi là mí lẹ́yìn. N kò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí ìwé kan.

Tíṣà ní, "Ẹ ṣì máa gbàgbé ẹ̀ dandan, torí wọn kì í fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀."

Mo dìwé. Mo ní kó máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Inú bí mi. Òkè wo ni wọ́n ń wí gan-an? Orí igi tí a rì mọ́ ẹrẹ̀ ni ilé mi wà. Láti Mahintedo títí dé etí òkun, n kò tíì rí ohun tó ga ju ilé ìjọsìn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Mo fi ẹja ránṣẹ́ sí Tíṣà, èyí tó tóbi. Ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó padà wá.

Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí, àwọn ọlọ́kọ̀ Igbókòdá ń fi kanra mọ́ èrò. A tún dán an wò, ìbéèrè òkè tún gbé mi ṣubú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo rọra bi Bàbá Promise léèrè ọ̀rọ̀ òkè náà, bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ẹni tí omi ń gbé ló lọ̀nà. Ta ni kò mọ ìyẹn?" Inú mi dùn. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ohun àkọ́kọ́ tí a jọ fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Àṣé kò tíì tán síbẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù, ó wa ọkọ̀ lọ bá Tíṣà nílé rẹ̀.

"Tíṣà, ìwé yín yẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò wakọ̀ rí."

"Bàbá Promise, ẹ má bínú, mọ́tò ní bíréèkì."

"Bíréèkì a máa já."

 Bàbá Promise padà délé, ó ń yan bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun. Èmi ni kò wá mọ ohun tí mo lè ṣe: ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, òótọ́ wà lẹ́yìn mi, mo sì ń kùnà lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Mo pàdé Godspower ní èbúté Igbókòdá. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó ní, "Mọ́mì, mo gbọ́ pé ẹ ti ń kàwé. Ẹ ṣáà rántí o, mọ́tò kì í léfòó." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá tó ń ta ògì.

Mo kàn gbé ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ lọ. Èmi Àrìnpé! Ìgbà tí mo délé tán ni èsì oríṣiríṣi ń wá sí mi lẹ́nu, mo sì wà níbẹ̀ tí mò ń sọ wọ́n fún ẹja.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Èmi àti Tíṣà lọ forúkọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni wọ́n fún mi. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìpàdé. Bí mo bá kùnà, kò sí àyè láti tún un ṣe.

Mo ti kọjá lójú ọ̀nà yẹn tó ìgbà tí n kò lè kà, ṣùgbọ́n àárín apẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń wà lẹ́yìn, oorun ni mo sì máa ń sùn. Lónìí Tíṣà ló wa mọ́tò rẹ̀, mo jókòó níwájú. Áà! Àṣé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú! Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo di àga mú. Tíṣà ń wò mí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

Nígbà tí a ń bọ̀, a débi tí ọ̀gbàrá ti jẹ ìdajì ọ̀nà lọ, ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwa là ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́rì tó kó gẹdú ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọkùnrin kan sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn tòun ti pákó lọ́wọ́. Tíṣà dúró. Mo ní, "Kí lo dúró sí? Àwa la lọ̀nà." Ó ní kí n máa wo ọkùnrin yẹn. Ó rẹ lọ́rì náà, ó dá dúró díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Kíá, ọkùnrin náà ju pákó sábẹ́ táyà. Ẹ̀yìn èyí ló tó lè gbéra padà, tó gùn kọjá lára wa.

Ojú mi rí i. Ọkàn mi kò tíì gbà. Mo sọ fún Tíṣà bẹ́ẹ̀, ó ní ó dáa náà, kí ojú máa bá ọkàn sọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Òjò láti àárọ̀. Mo yege lọ́wọ́ Tíṣà lónìí, ṣùgbọ́n kò bi mí ní ti òkè. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni kí inú mi lè dùn. Kò dùn.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ìtìjú bá mi lónìí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ bọ̀ láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ (orúkọ lásán ni, kò sí òkè níbẹ̀), Bàbá Promise jókòó síwájú, apẹ̀rẹ̀ edé mẹ́ta wà láàárín. Omi ń fà, ó ń gbé wa lọ geere. A yọ sí kọ̀rọ̀ tó há, ibi tí igi ẹ̀gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lókè, ni a bá kan ìyá kan tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kékeré bọ̀. Ìyá náà mọ òfin, ó ti fẹ̀gbẹ́ ti igi, ó ń dúró dè wá. Èmi tí mo lọ̀nà, kí ni mo ṣe? Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fi gbogbo agbára tẹ pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Mò ń wá bíréèkì!

Mo tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò dúró, mo tún un tẹ̀. Ọwọ́ mi kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ fì, apẹ̀rẹ̀ edé kan wọ omi lọ gbuuru. Ìyá náà ń pariwo, "Kí lò ń jó nínú ọkọ̀?" Bàbá Promise fò wá sẹ́yìn, ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, a sì bọ́.

Mo rò pé á bá mi jà nítorí apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ mi. "Kí lò ń tẹ̀?" Mo sọ fún un. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ wá, kò lè dúró mọ́, ó ní láti pa ẹ́ńjìnnì. "Ìyá Promise, bíréèkì! Lójú omi!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n edé yẹn dùn mí. Edé tó gbẹ dáadáa ni.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Wọ́n gbàdúrà fún mi ní ìsìn. Gbogbo ìlú ti mọ̀ báyìí. Ó sàn kí n kùnà ní ìkọ̀kọ̀.

Ọjọ́rú, 25

Ọ̀la ni. Òkun ń bínú, afẹ́fẹ́ le, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀nà omi lè má dáa ní òwúrọ̀. Ẹ̀rù ìdánwò náà ń bà mí. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi: bí Godspower bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, n kò mọ bí n ó ṣe máa wọ ìpàdé mọ́.

Mò ń kàwé, Bàbá Promise ń kan ìṣó mọ́ ògiri, gbà, gbà, gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àjẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Mo ní, "Bàbá Promise, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òní ni ìṣó yá?" Ó ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi. Ọkùnrin yìí kò ní ṣe ohun tó dáa lákòókò tó dáa láé.

Ọjọ́bọ̀, 26

Omi rọ̀. Bàbá Promise ló gbé mi dé èbúté Igbókòdá. Ó ní, "Má bá wọn jiyàn o." Ìyẹn nìkan.

Iyàrá ìdánwò ní Òkìtìpupa tutù, kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹ. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Obìnrin tó ń mójú tó wa fi bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀." Mo fara balẹ̀. Màlúù jáde, mo mọ̀ ọ́n. Iná pupa jáde, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn kan wà tí n kò mọ̀, mo mú èyí tó jọ òótọ́.

Lẹ́yìn náà ni òkè jáde. Wọ́n tilẹ̀ yàwòrán rẹ̀: mọ́tò pupa ń gùn, mọ́tò funfun ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sórí pupa, kó dúró. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán. Mo tún wo funfun tó ń sáré bọ̀ wálẹ̀, ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bá ta lábẹ́ tábìlì, ó tẹ sìmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ gbì. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bojú wò mí.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe pé mo rántí ìwé. Èmi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ ni bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n ó tẹ̀ ẹ́, n ó dúró. Ẹni tó ń gùn ni kò gbọ́dọ̀ dúró, kó má bàa máa fẹ̀yìn rìn bíi ti lọ́rì yẹn. Bàbá mi kò purọ́ fún mi. Omi ni kò ní bíréèkì. Mo mú ọwọ́ kúrò lórí pupa, mo tẹ funfun.

Èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Mo yege. Ká ní mo ṣi ẹyọ ìbéèrè kan sí i ni, ǹ bá kùnà. N kò mọ ìgbà tí omi ń bọ́ lójú mi, obìnrin yẹn ló fún mi ní bébà.

Bàbá Promise ṣì wà ní èbúté. Kò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó wo ojú mi, ó dìde nídìí ẹ́ńjìnnì, ó lọ jókòó síwájú láàárín ẹrù bí èrò. Ó ní, "Dírẹ́bà, ó yá." Èmi ni mo wa ọkọ̀ délé. Mo tẹ pákó lẹ́ẹ̀kan ní kọ̀rọ̀ igi ẹ̀gbà. Ó gbọ́ ọ, kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Ìpàdé. Mo gbé bébà èsì fún Ìyá Ọmọlará. Ó kà á, ó fún àwọn tó kù kà, ó wá ju kọ́kọ́rọ́ sí mi láyà. Wọ́n hó. Godspower wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wá gba èsì tirẹ̀. Kí n má purọ́, ó kí mi dáadáa. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ rántí ohun tí mo wí o. Mọ́tò kì í léfòó."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi bíréèkì sí i."

Mo délé, mò ń wá ibi tí n ó fi kọ́kọ́rọ́ sí tí kò fi ní bọ́ sómi láàárín pákó. Bàbá Promise gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjẹ̀ rẹ̀. Mo dúró, mò ń wo ìṣó náà. Ọjọ́rú ló ti kàn án, kí n tó ṣe ìdánwò.

Mo ní, "Bí mo bá wá kùnà ńkọ́?"

Ó ní kí n gbé púpurú òun wá, ebi ń pa òun.